Ẹ Jẹ́ Kí Ìyá àti Ọmọ Náà Gun Kẹ̀kẹ́ Dé Etí Adágún



Lọ́dọọdún, tí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Ìlú Ọba níbí, àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa máa ń so kẹ̀kẹ́ wọn mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, wọn a sì kọrí sí Lake District, níbi tí òkè, adágún omi àti igbó ti pàdé ara wọn. Tí wọ́n bá dé, a máa ń wo àwòrán tí wọ́n yà, a máa ń bá wọn dúpẹ́, a sì máa ń yìn wọ́n. Ní ìpàdé kan, bí a ti ń yẹ́ wọn sí pé wọ́n gun òkè Hardknott, ìyá wa kan dìde. Ó ní: “Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin ọmọ wa. Àwa tí dókítà ní ká máa mi ara wa ńkọ́? Ṣé inú fóònù náà la ó ti máa wo adágún ni?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn wa. Òótọ́ ni ìyá sọ, àwa tí à ń kọ ojú ewé ìlera yìí gan-an sì wà lára àwọn tó jẹ̀bi. Akọni la máa ń kọ̀wé nípa rẹ̀, a kì í kọ̀wé nípa aláìlera.

Èrò wa rèé: ọ̀nà tí a bá yàn ló ń sọ ẹni tó lè bá wa lọ. Tí ẹgbẹ́ bá yan òkè Hardknott, ó ti ní kí àwọn ìyá, àwọn ọmọ kéékèèké àti àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru jókòó sílé, bí kò tilẹ̀ la ẹnu sọ ọ́. Ní ibi tó le jù lójú ọ̀nà yẹn, tí ènìyàn bá lọ síwájú ní mítà 3, á ti gun òkè ní mítà 1. Ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́ láti ọdún mẹ́wàá kò ní nǹkan tó fẹ́ wá débẹ̀.

Kí ló sì jẹ́ ká ka ọ̀rọ̀ yìí sí tó báyìí? Ní Ìlú Ọba níbí, àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń ṣe àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Ìmọ̀ràn àwọn oníṣègùn ìjọba ni pé kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá tó ń jẹ́ kí èémí yára díẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀ kan, kí ọmọdé sì máa ṣe tirẹ̀ tó ìṣẹ́jú 60 lójoojúmọ́. Mélòó nínú àwọn ìyá wa ló ń rí i ṣe? Wọ́n á ti ibi iṣẹ́ òru dé, wọ́n á ṣe oúnjẹ, wọ́n á sùn díẹ̀, wọ́n á tún padà síbi iṣẹ́. Orúnkún ń dun ẹlòmíràn débi pé ìrìn gan-an ń ni í lára. Kẹ̀kẹ́ sì rèé, ìjókòó rẹ̀ ló ń gbé ìwúwo ara, kì í ṣe orúnkún. Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti kọ́ wa pé ara wa ní ẹ̀tọ́ lórí wa, àti pé onígbàgbọ́ tó lágbára ni Ọlọ́hun fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oore wà lára àwọn méjèèjì. Ara yìí, àmáànà ni.

Àwọn kan á bi wá pé ṣé ó yẹ kí obìnrin gun kẹ̀kẹ́. Ìdáhùn wa ni pé Ànọ́bì àti Àíṣà, ìyá àwọn onígbàgbọ́, bá ara wọn sáré ìje. Ìyá wa ló kọ́kọ́ borí, nígbà tó yá Ànọ́bì náà borí. Aṣọ àti ibi tí a ń lọ ló yẹ ká ṣọ́, kì í ṣe pé ká ti ilẹ̀kùn. Ṣòkòtò tó fẹ̀, tí a so lẹ́sẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wù tó dé orúnkún, ti tó. Jálábíà gígùn léwu, ṣéènì lè gbá a mú kó sì dá ènìyàn sọnù. Híjáàbù fẹ́lẹ́ tí kò ní kókó ni kí ẹ wọ̀ sábẹ́ akoto, kí akoto lè jókòó dáadáa lórí.

Àwọn àgbà ní láti ìsàlẹ̀ la ti ń gun igi, a kì í tòkè gùn ún. Nítorí náà, ibi tí a fẹ́ kí ìrìnàjò ẹgbẹ́ ti máa bẹ̀rẹ̀ ni ìlú Keswick. Ojú irin àtijọ́ kan ti ibẹ̀ lọ sí abúlé Threlkeld. Wọ́n ti pa ojú irin náà tì láti ọdún 1972, ó sì di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́. Omíyalé oṣù December 2015 gbé afárá lọ níbẹ̀, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní December 2020. Ó tó nǹkan bíi máìlì 3 ní àlọ, mọ́tò kò gba ibẹ̀, kò sì ní òkè tó le, nítorí rélùwéè kì í gun òkè tó ga. Etí odò Greta àti abẹ́ igi ló gbà lọ. Ọmọ ọdún méje lè gùn ún, ìyá àgbà náà lè gùn ún, àwọn tí kò sì ní kẹ̀kẹ́ lè háyà rẹ̀ ní Keswick.

Tí ẹsẹ̀ bá ti le díẹ̀, ẹ lọ sí igbó Grizedale, láàárín adágún Coniston àti Windermere. Àwọn ọ̀nà inú igbó wà níbẹ̀ tí wọ́n fi àmì sí fún oníkẹ̀kẹ́. Ó ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò bú yín tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ti kẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ Kirkstone, tó ga tó mítà 454, òun sì ni ọ̀nà mọ́tò tó ga jù lọ ní agbègbè náà. Ẹni tó bá máa gùn ún, kó wo bíréèkì rẹ̀ kó tó kúrò nílé, nítorí àtigùn ń tán ni lókun, àtisọ̀ ló ń ṣe ni léṣe. Òfin ojú pópó ní kí awakọ̀ tó bá fẹ́ ya oníkẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fi àyè mítà 1.5 sílẹ̀, ó kéré tán, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ wọ aṣọ tó ń tàn.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó kù. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Manchester, omi adágún Thirlmere, lẹ́bàá Keswick, wà lára omi tó ń dé ẹ̀rọ ilé yín. Láti ọdún 1894 ló ti ń ṣàn wá nínú ọ̀nà omi tó gùn tó máìlì 96, kò sì sí ẹ̀rọ tó ń tì í; láti òkè ló ti ń wá sílẹ̀. Àlùwàlá tí ẹ ń ṣe nílé lè ti ibẹ̀ wá. Ẹ rántí pé Ànọ́bì kọ̀ fún wa láti tọ̀ sínú omi tó dúró sójú kan, ó sì kìlọ̀ nípa ìgbẹ́ yíyà sí ojú ọ̀nà, abẹ́ ibòji àti ibi tí àwọn ènìyàn ti ń pọnmi. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí ẹ lò kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì gbé omi ìṣàn sínú ike dání.

Ẹ má mu omi adágún. Nígbà ooru, ohun kan tó dà bí ọ̀dà aláwọ̀ ewé máa ń léfòó lórí àwọn adágún kan, títí kan Windermere. Májèlé ni. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì fi omi náà ṣe àlùwàlá. Tí ẹ bá dé láti inú igbó, ẹ yẹ ara àwọn ọmọ wò, abẹ́ apá, ẹ̀yìn orúnkún àti inú irun, nítorí eégbọn. Tí ẹ bá rí i, ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un láti ìdí, kí ẹ fà á jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Tí ara bá pọ́n níbẹ̀ tí ó sì ń fẹ̀ sí i láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má jókòó sínú ṣòkòtò tó ti làágùn mọ́ra; ẹ fọ ara yín, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, nítorí egbò àti nítorí ìrun.

Ìrun kì í ṣe ìdíwọ́. Láti Manchester sí Keswick lé ní 100 máìlì, arìnrìnàjò sì lè gé Àìlà àti Àlàásárì kúrú sí rákà méjì-méjì. Ẹ̀ní kan lábẹ́ igi ti tó.

A kò ní kí ọ̀dọ́ má gun òkè. Ohun tí à ń bẹ̀ ẹgbẹ́ wa ni pé kí ìrìnàjò àkọ́kọ́ lọ́dún jẹ́ ti Keswick, kí owó tí a fẹ́ fi háyà kẹ̀kẹ́ kọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ìyá tí kò ní, kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa sì gun tiwọn jẹ́jẹ́ lẹ́yìn àwọn ìyá wọn lọ́jọ́ náà. Hardknott kò lọ síbì kan. Ẹ lè gùn ún lọ́jọ́ mìíràn. Ara ìyá yín ni kò ní dúró dè yín.

Kí Ọlọ́hun fún gbogbo wa ní àlàáfíà tí a ó fi máa sìn ín. Àmín.