Ìkìlọ̀ Èké Lójú Kọ̀ǹpútà: Àwọn Tí Ń Fi Ẹ̀rù àti Ìtìjú Ṣòwò

Ó ti di ohun tí ó wọ́pọ̀, ní ọ́fíìsì ìjọ àti nínú ilé àwọn ọmọ ìjọ, pé kí ènìyàn jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kí ó máa wá orin tàbí ìròyìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ojú ẹ̀rọ náà sì ṣàdédé di pupa fòò. Ariwo bí ti fèrè ọlọ́pàá yóò bẹ̀rẹ̀. A ó kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà síbẹ̀ pé fáírọ́ọ̀sì márùn-ún ti wọ inú ẹ̀rọ náà, pé àwọn olè ti ń kó àwòrán àti nọ́ńbà báńkì onítọ̀hún lọ, àti pé kò gbọdọ̀ pa ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà àbáyọ yóò yọjú: kí ó tẹ bọ́tìnnì kan láti ra ètò antivirus, tàbí kí ó pe nọ́ńbà tẹlifóònù kan ní kíákíá.

Láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú, irọ́ ni. Ohun tí wọ́n fi ṣe ìkìlọ̀ náà kò ju ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì lásán lọ, bí ìgbà tí ẹnì kan kọ “ilé yín ń jó” sára pátákó, tí ó sì gbé e dúró lẹ́bàá ọ̀nà kí gbogbo ẹni tí ń kọjá lè kà á. Kò mọ ilé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n òwò ńlá ni, kì í ṣe eré àwọn ọmọdé tí ọwọ́ wọn dilẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì, kí ó wo ẹjọ́ tí FTC, ìyẹn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń gbèjà àwọn oníbàárà, pè ní oṣù Kejìlá ọdún 2008. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ń jẹ́ Innovative Marketing. Orílẹ̀-èdè Belize ni wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú Kiev ní ilẹ̀ Ukraine ni iṣẹ́ rẹ̀ gbilẹ̀ sí. Ó ní ọ́fíìsì, ó ní ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tí ń gba owó oṣù, ó tilẹ̀ ní àwọn tí ń dáhùn tẹlifóònù bí oníbàárà bá fẹ́ fi ẹjọ́ sùn. Ọjà tí ó ń tà ni àwọn antivirus èké: WinFixer, WinAntivirus, DriveCleaner, ErrorSafe, XP Antivirus. Dọ́là 39.95 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, àjọ náà sì sọ pé àwọn tí wọ́n tàn jẹ lé ní mílíọ̀nù kan. Ní ọdún 2012, ilé-ẹjọ́ pàṣẹ pé kí obìnrin kan tí ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá wọn san mílíọ̀nù 163 dọ́là.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn ni ó yẹ kí a fara balẹ̀ wò. Wọ́n lọ ra àyè ìpolówó lórí àwọn ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ayé fọkàn tán, wọ́n ní àwọn ń polówó fún ilé-iṣẹ́ rere àti ẹgbẹ́ aláàánú. Wọ́n sì ti fi ìdẹkùn pamọ́ sínú ìpolówó ọ̀hún. Bí ẹni tí ó ta àyè náà bá wò ó, ìpolówó tòótọ́ ni yóò rí. Bí ará ìlú bá wò ó, yóò gbé e lọ sí ojú ìwé mìíràn tí yóò máa díbọ́n pé òun ń yẹ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò. Àwọn mìíràn náà kọ́ irú ọgbọ́n yìí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ jáde lórí ojú ìwé New York Times fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2010, ó kan ìwé ìròyìn Star Tribune ti ìlú Minneapolis, níbi tí àwọn kan láti ilẹ̀ Latvia ti díbọ́n pé ilé ìtura ni àwọn ń polówó fún. Kí a tó rán ọ̀kan nínú wọn lẹ́wọ̀n, ó di ọdún 2018.

Nítorí náà, a kò fara mọ́ ohun tí àwọn kan máa ń sọ, pé ẹni tí ìkìlọ̀ èké bá yọ sí ti lọ sí ibi tí kò yẹ kí ọmọlúàbí dé. Ẹni tí ń ka ìròyìn òwúrọ̀ jẹ́jẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré nínú ìjọ, nítorí pé òun gan-an ni àwọn oníjìbìtì náà gbójú lé. Nínú ẹ̀sùn tí FTC kà sí wọn lọ́rùn ní ọdún 2008, a rí i pé kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì nìkan ni àyẹ̀wò èké náà máa ń sọ pé òun rí. Ó tún máa ń sọ pé òun rí àwòrán ìhòòhò tí òfin kà léèwọ̀ nínú ẹ̀rọ náà. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí lè ṣe fún olùṣọ́-àgùntàn tí ó ń lo kọ̀ǹpútà ìjọ, tàbí fún ìyá àgbà tí ó yá kọ̀ǹpútà ọmọ ọmọ rẹ̀ lò. Ó mọ̀ pé ọwọ́ òun mọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pè wá wo ohun tí a kọ sójú ẹ̀rọ yẹn? Ọ̀dọ́mọkùnrin inú ẹgbẹ́ akọrin tí ó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó ké sí, òun náà sì ni ẹni tí ó kẹ́yìn tí yóò fẹ́ kí ó rí i. Yóò yá a lára láti san ogójì dọ́là, kí ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ohun kan ṣoṣo tí a bá di mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, òun ni pé ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì kò lè yẹ inú kọ̀ǹpútà wò láti mọ̀ bóyá fáírọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Ó lè mọ irú fóònù tí a ń lò, ó lè mọ ìlú tí a wà àti ilé-iṣẹ́ tí ó ń fún wa ní íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ojú ìwé tí a bá ṣí ni ó ń mọ èyí. Bí ìkìlọ̀ bá wá kọ ọ́ pé “Samsung yín tí ó wà ní Ìbàdàn ti kó àrùn”, jìnnìjìnnì á bá ènìyàn, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun ìjìnlẹ̀ kan níbẹ̀. Microsoft ti sọ ọ́ pé ìkìlọ̀ òun kì í ní nọ́ńbà tẹlifóònù nínú. Láti ìgbà Windows 8 ní ọdún 2012 sì ni antivirus ọ̀fẹ́ ti wà nínú Windows fúnra rẹ̀, nítorí náà kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi máa sáré ra òmíràn pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ìkìlọ̀ tòótọ́ kì í sábà pariwo. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft fòpin sí ìtìlẹ́yìn tí ó ń ṣe fún Windows 10, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ṣì ń lò ó láìbìkítà, nítorí pé fèrè kankan kò dún.

Láti ọdún mélòó kan wá, òwò náà ti yí padà. Nọ́ńbà tẹlifóònù ni wọ́n sábà ń gbé síwájú ènìyàn báyìí. Ẹni tí ó bá pè é yóò bá oníwà pẹ̀lẹ́ kan pàdé tí yóò sọ pé òun ń ti Microsoft sọ̀rọ̀. Yóò ní kí ó fi AnyDesk tàbí TeamViewer sórí ẹ̀rọ rẹ̀. Ètò tòótọ́ ni àwọn méjèèjì, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń lò wọ́n láti tún kọ̀ǹpútà ṣe láti òkèèrè. Bí olè náà bá ti wọlé tán, yóò ṣí Event Viewer, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí Windows ń ṣe nípa ohun gbogbo tí ó bá ṣẹlẹ̀, yóò sì máa fi àmì pupa àti àmì aláwọ̀ ìyeyè hàn án pé, “Ẹ wò ó, sà, ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́.” Kò sí kọ̀ǹpútà tí irú àmì bẹ́ẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, bí ó ti wù kí ara rẹ̀ le tó. Àwọn mìíràn á ní àwọn fẹ́ dá owó padà fún un. Wọ́n á yí iye tí ó hàn lójú ìwé báńkì rẹ̀ padà kí ó lè dà bí ẹni pé owó tí ó wọlé pọ̀ jù, wọ́n á sì máa sunkún pé iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ àwọn bí kò bá ra káàdì ẹ̀bùn, kí ó sì ka nọ́ńbà ara rẹ̀ fún àwọn. Àdánù tí àwọn ènìyàn fi tó FBI létí lórí irú jìbìtì yìí lé ní 900 mílíọ̀nù dọ́là ní ọdún 2023. Ní ọdún 2024, ó lé ní bílíọ̀nù kan àti 400 mílíọ̀nù. Àwọn tí wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni ó dùn jù lọ. Kí ẹ̀yin tí ẹ ní òbí ní Amẹ́ríkà tàbí ní Ìlú Ọba pè wọ́n, kí ẹ sọ èyí fún wọn.

Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó lórúkọ náà kò mọ́ tán. Ní ọdún 2019, ilé ìtajà ńlá Office Depot àti Support.com gbà láti san mílíọ̀nù 35 dọ́là lẹ́yìn tí FTC fẹ̀sùn kàn wọ́n lórí àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ tí a ń ṣe fún kọ̀ǹpútà oníbàárà. Wọ́n máa ń bi oníbàárà ní ìbéèrè mẹ́rin kí àyẹ̀wò náà tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan péré, irú bíi pé ẹ̀rọ òun ń falẹ̀, èsì á jáde pé àmì fáírọ́ọ̀sì wà níbẹ̀.

Fóònù ni ọ̀pọ̀ nínú wa ní Nàìjíríà ń lò, kò sì yọ sílẹ̀. Ní ọdún 2014, antivirus kan tí ń jẹ́ Virus Shield jáde ní ilé ìtajà Google Play ní dọ́là 3.99, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì rà á. Nígbà tí àwọn akọ̀ròyìn tú inú rẹ̀ wò, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n bá níbẹ̀: bí a bá tẹ̀ ẹ́, àmì X tí ó wà lára àwòrán apata á yí padà di àmì pé ohun gbogbo dára. Google dá owó wọn padà fún wọn. Ní ọdún 2019, àwọn olùdánwò AV-Comparatives ní ilẹ̀ Austria yẹ 250 antivirus fóònù Android wò. 80 péré ni ó mú ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ètò búburú láìfi ẹ̀sùn èké kan èyí tí ó dára. Àwọn kan nínú ìyókù tilẹ̀ ń pe ara wọn ní fáírọ́ọ̀sì! A sì bẹ àwọn alábòójútó ẹgbẹ́ WhatsApp ìjọ pé kí wọ́n yé fi gbogbo “ẹ má ṣí fídíò yìí” ránṣẹ́ kiri. Ẹrù kan náà ni.

Ní ti yíyọ wọ́n kúrò, bí ó bá jẹ́ ojú ìwé lásán, pípa á dé ti tó. Ẹ má ṣe tẹ ohunkóhun tí ó wà nínú rẹ̀, títí kan X tí wọ́n yà síbẹ̀, nítorí pé àwòrán lásán ni X náà lè jẹ́. Bí ó bá gba gbogbo ojú ẹ̀rọ, ẹ tẹ Esc mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí ó bá ṣì kọ̀, ẹ tẹ Ctrl, Alt àti Delete pọ̀, kí ẹ yan Task Manager, kí ẹ sì fi pa Chrome tàbí irú rẹ̀. Bí ẹ bá tún ṣí i, kí ẹ má gbà kí ó dá àwọn ojú ìwé ti tẹ́lẹ̀ padà. Àwọn ìkìlọ̀ mìíràn a máa yọ ní igun ojú ẹ̀rọ ní gbogbo ìgbà. Ohun tí ó fà á ni pé ẹnì kan ti tẹ “Allow” rí lórí ojú ìwé kan. Ẹ wá Notifications nínú Settings ti Chrome, kí ẹ yọ gbogbo orúkọ tí ẹ kò mọ̀.

Bí ètò èké bá ti wọ inú kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́kọ́ gé íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ yọ ètò náà kúrò nínú Apps, kí ẹ sì yọ AnyDesk tàbí irú rẹ̀ pẹ̀lú bí ẹ bá ti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ jẹ́ kí Microsoft Defender ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní Offline scan. Lórí Android, ẹ fi fóònù sínú Safe mode, kí ẹ gba àṣẹ device admin lọ́wọ́ ètò náà, kí ẹ tó pa á rẹ́.

Bí owó bá ti jáde ńkọ́? Ẹ pe báńkì lójú ẹsẹ̀, nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn káàdì yín ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tí ó wà nínú ìkìlọ̀. Ní Ìlú Ọba, nọ́ńbà 159 máa ń so ènìyàn mọ́ ọ̀pọ̀ báńkì. Ẹ lo ẹ̀rọ mìíràn láti yí àwọn pásíwọ́ọ̀dù padà, ti ímeèlì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà akápò ìjọ ni, kí ìgbìmọ̀ gbọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n sì fi tó EFCC tàbí ẹ̀ka ọlọ́pàá tí ó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì létí. Ẹ sì múra sílẹ̀ fún ìpè mìíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àwọn oníjìbìtì a máa ta orúkọ ẹni tí ó ti sanwó rí fún ara wọn, ẹni tí yóò pè á sì sọ pé òun jẹ́ amòfin tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó fẹ́ bá yín gba owó yín padà, pé kí ẹ kàn kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀.