Ẹ Má Ṣe Jẹ́ Kí Káàdì Ọmọ Dúró Ní Oṣù Kẹsàn-án



Ní kẹ́míìsì wa ní Mọ́kọ́lá, àwọn ìyá máa ń béèrè òògùn tí yóò fún ọmọ ní àjẹsára. Bí a bá ní kí wọ́n mú káàdì ọmọ wá, a sábà máa ń rí i pé abẹ́rẹ́ oṣù kẹsàn-án ni ó gbà kẹ́yìn. Ti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún kò sí níbẹ̀. Wọn a ní, "Alájì, ṣebí wọ́n ti gún un ní ti èéyí." Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Àjẹsára kì í ṣe ohun tí à ń rà nínú ìgò. Ẹ̀kọ́ ni ara ń kọ́. Ọlọ́hun Ọba fi àwọn ẹ̀ṣọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ wa. Bí kòkòrò àrùn bá wọlé, wọn yóò kọ́ bí a ṣe ń bá a jà, wọn kì í sì í tètè gbàgbé. Àwọn bàbá wa mọ̀ pé ẹni tí ìgbóná bá ṣe tí kò kú, kì í tún ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n mélòó ni ó kú, mélòó ni ó fọ́jú, kí ara tó kọ́ ẹ̀kọ́ náà? Abẹ́rẹ́ àjẹsára ń kọ́ ara ní irú ẹ̀kọ́ yìí láìjẹ́ pé àrùn náà kọ́kọ́ dá ọmọ wólẹ̀. Òun ni a fi lé ìgbóná kúrò láyé, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde òpin rẹ̀ ní 1980.

Kí ló dé tí ti èéyí fi jẹ́ méjì? Láti inú oyún ni ọmọ ti ń gba ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ohun àyálò ni, kì í pẹ́ tán. Bí a bá gún ọmọ nígbà tí ẹ̀ṣọ́ ìyá ṣì lágbára, wọ́n lè pa iṣẹ́ abẹ́rẹ́ náà kí ara ọmọ tó kọ́ ohunkóhun. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dúró di oṣù kẹsàn-án. Síbẹ̀, nínú ọmọ 100 tí ó gbà á nígbà yẹn, nǹkan bí 15 ni ara wọn kò ní mú ẹ̀kọ́ náà. A kò lè fi ojú mọ̀ wọ́n. Nítorí tiwọn ni Nàìjíríà ṣe fi ti oṣù 15 kún un láti 2019.

Àwọn kan ní kí á jẹ́ kí èéyí fúnra rẹ̀ kọ́ ọmọ. Olùkọ́ burúkú ni. Ó máa ń pa ìrántí ara rẹ́, tí ọmọ tí ó yè é yóò tún máa ṣe àìsàn tí ara rẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn ní Ọlọ́hun ni àwọn gbára lé. Àwa náà ni, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó gbára lé Ọlọ́hun ṣì ń gbin àgbàdo.

Ẹ rántí 2003, nígbà tí wọ́n dá àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró ní Kánò. Àrùn náà tàn dé orílẹ̀-èdè mìíràn. Àwọn ọba àti àlùfáà wà lára àwọn tí ó jáde láti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, kó tó di pé wọ́n kéde ní August 2020 pé èyí tí kòkòrò inú ìgbẹ́ ń fà ti kúrò ní Áfíríkà.

Nítorí náà, èrò wa ni pé kí mọ́sálásí máa béèrè káàdì ọmọ níbi ìsọmọlórúkọ, kí á kọ ọjọ́ tí yóò pé oṣù 15 sílẹ̀, kí á sì rán bàbá rẹ̀ létí lẹ́yìn Jímọ̀. Ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ náà ní ilé ìlera ìjọba. Bí ara ọmọ bá gbóná díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má fòyà, ẹ wá bá wa.

Kí Ọlọ́hun bá wa dá àwọn ọmọ wa sí. Àmín.