Agége, Ìlú Agégi, àti Ooru Tí Kò Jẹ́ Ká Sùn

Ìtàn kan tí a máa ń gbọ́ láti kékeré ni pé "a-gé-igi" ló di Agége, nítorí àwọn agégi ló pọ̀ níbẹ̀ láyé àtijọ́. Bí ìtàn náà bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé orúkọ ro ìlú náà. Ṣùgbọ́n wọn ò kàn gé igi, wọ́n gbìn pẹ̀lú. Láyé J. K. Coker, tí òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn olóko sílẹ̀ ní Agége ní 1907, oko kòkó àti obì ló kún agbègbè náà. Ọkọ̀ ojú irin ló ń kó obì gbànja lọ sí Òkè Ọya.

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Lónìí, láti títì Ọba Àkran dé Ọgbà títí wọ Agége, páànù, kọnkéré àti ọ̀dà ló gba ipò igi obì.

Ẹni tó ń gbé níbẹ̀ mọ bó ṣe rí. Lóṣù Ẹrẹ́nà, ògiri ṣì máa ń gbóná títí di aago méjì òru. Iná á lọ, fáànù á dúró, gbogbo àdúgbò á tan jẹnẹrétọ̀. Èéfín á wọlé, a ó ti fèrèsé, ooru á tún le sí i. Ẹni tó sì ṣiṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́, báwo ni yóò ṣe rí oorun sùn lọ́sàn-án lábẹ́ páànù?

Nǹkan méjì ni a máa ń pò pọ̀ níbí. Páànù àti kọnkéré ló ń mú kí Agége gbóná ju ìgbèríko lọ. Ìmóoru àgbáyé yàtọ̀ sí ìyẹn: èéfín epo, gáàsì àti èédú tí gbogbo ayé ń jó ló dà bí aṣọ ìbora lójú òfurufú, tí kò jẹ́ kí ooru ráyè jáde. Àjọ àgbáyé tó ń mójú tó ojú ọjọ́ ní ọdún 2024 ló gbóná jù lọ látìgbà tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, ó fi nǹkan bí 1.55°C ju àsìkò 1850 sí 1900 lọ. Orí ẹní wa ni méjèèjì ti pàdé.

Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Wọn ò kúkú parọ́ tán, nítorí kábọ́nù tí Nàìjíríà ń tú jáde kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti àgbáyé. Àwọn mìíràn ní jẹnẹrétọ̀ wa ló fà á. Lóòótọ́, lítà bẹntiróòlù kan tó bá jó tán á tú kábọ́nù-dàóksáìdì bíi kílò 2.3 jáde, ti dísù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2.7. Ṣùgbọ́n ta ló ń ra epo lálaalẹ́ nítorí ó wù ú?

Ibi tó ń bí mi nínú nìyí. Ní Niger Delta, gáàsì tó ń bá epo rọ̀bì jáde ni wọ́n ń dáná sun lásán. Òfin ọdún 1979 fún àwọn elépo ní gbèdéke ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1984. Ní 2005, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní ìlú Bìní sọ pé ó tako ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Iná náà ò tíì kú. Gáàsì tó lè di iná mànàmáná fún wa ń jó dànù, àwa sì ń jó dísù rọ́pò rẹ̀. Kì í ṣe pé kò ṣeé ṣe o: àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà ti ń fa gáàsì láti inú páìpù tipẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí ìyá aláṣọ pa "I pass my neighbour" rẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ pa iná ọ̀hún.

Ládùúgbò tiwa, igi máńgòrò kan ṣoṣo ló kù. Kò lè gbé kábọ́nù ayé mì, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ni ìyá alákàrà ń jókòó sí, abẹ́ rẹ̀ náà làwọn òṣìṣẹ́ ti ń dúró de ọkọ̀. Bàbá onílé fẹ́ gé e kí wọ́n lè fi ibẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ti dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ká mú owó ṣọ́ọ̀bù ọdún kan wá ná.