Kí ọmọ tó fi owó kòkó bàbá rẹ̀ ra yúrò lórí fóònù

Ní ọjà Ìpọ̀nrí, ní Súrùlérè l'Ékòó, ojúkojú ni ẹni tó ń tajà àti ẹni tó ń rà á ti ń ná an. Bí ẹja bá ti bàjẹ́, oníbàárà á ti gbọ́ òórùn rẹ̀ kó tó tọwọ́ bọ àpò. Ṣùgbọ́n ọjà mìíràn wà tí àwọn ọ̀dọ́ ń ná báyìí tí kò ní ìsọ̀, tí kò sì ní òórùn. Inú fóònù ni wọ́n ti ń ná an. Fọ́rẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ríra àti títa owó ilẹ̀ òkèèrè. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí tó wà lóko mọ̀ kò ju pé ọmọ àwọn "ń ṣe dọ́là" l'Ékòó lọ, títí di ọjọ́ tí ọmọ náà yóò fi tẹ̀ wọ́n láago pé kí wọ́n bá òun wá owó kún owó.

Òwò náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe gbájú-ẹ̀. Báǹkì àgbáyé kan tí wọ́n ń pè ní BIS, tó wà ní ìlú Basel ní Switzerland, ṣe ìṣirò ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ó sì rí i pé owó tó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn nínú ọjà yìí lójúmọ́ kan tó tírílíọ̀nù dọ́là 9.6. Àwọn báǹkì àti iléeṣẹ́ ńláńlá ló ń ná èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Láti alẹ́ ọjọ́ Àìkú títí di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kì í tì. Kò jọ ti àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là létí títì, nítorí pé ẹni tó bá ra yúrò lórí fóònù kò ní fi ọwọ́ kan yúrò láéláé. Èrè tàbí àdánù nìkan ló máa kàn án.

Ọ̀nà àtiwọlé kò le rárá, bóyá ìyẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ á wá alágbàtà kan, á fi orúkọ àti ímeèlì sílẹ̀, á fi pásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé ìdánimọ̀ mìíràn ránṣẹ́, pẹ̀lú ìwé owó iná tàbí ti báǹkì tó ń fi ibi tó ń gbé hàn. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé MetaTrader sórí fóònù rẹ̀. Ọdún 2005 ni ìkẹrin irú rẹ̀ jáde, ọdún 2010 sì ni ìkarùn-ún. Iye owó méjì ni yóò rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbẹ̀: ọ̀kan fún títà, ọ̀kan fún rírà. Ti rírà ló máa ń ga jù, àárín méjèèjì sì ni alágbàtà ti ń jẹun. Nítorí náà, gbàrà tí ènìyàn bá ti rà ló ti jẹ gbèsè díẹ̀. Àyè kan tún wà tí wọ́n ti ń kọ iye tí ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ bá ènìyàn pa òwò dé, kí àdánù má baà kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi àyè yìí sílẹ̀ lófìfo dà bí ẹni tó lọ sùn láì ti ilẹ̀kùn.

Ibi tí iná ti ń jó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni owó tí alágbàtà ń yá wọn. Ẹnì kan fi 100 dọ́là sílẹ̀, owó tó ju ₦140,000 lọ ní ọdún 2025. Alágbàtà gbà kó fi dọ́là kan ná ọjà 500 dọ́là. Ó wá ra 10,000 yúrò nígbà tí yúrò kan jẹ́ dọ́là kan àti sẹ́ǹtì mẹ́wàá. Ọjà 11,000 dọ́là nìyẹn, 22 dọ́là péré ni alágbàtà sì dì mú gẹ́gẹ́ bí ìdúró. Bí yúrò bá fi sẹ́ǹtì kan ṣoṣo wálẹ̀, 100 dọ́là ti lọ, gbogbo owó rẹ̀ nìyẹn. Sẹ́ǹtì kan kì í ṣe ohun tí yúrò kò lè fi wálẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ká ní 1,000 yúrò ló rà, 10 dọ́là ni ì bá pàdánù. Lórí fóònù, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kò ju òdo kan lọ: 0.1 àti 0.01.

Àwọn ará Yúróòpù ti rí èyí tipẹ́. Ní ọdún 2018, àjọ tó ń bójú tó irú òwò yìí lọ́hùn-ún pàṣẹ pé alágbàtà kò gbọdọ̀ jẹ́ kí mẹ̀kúnnù fi dọ́là kan ná ju 30 lọ, ó sì ní kí wọ́n máa kọ iye àwọn tó ń pàdánù síta gbangba. Nínú ọgọ́rùn-ún àkáǹtì, 74 sí 89 ló ń pàdánù.

Síbẹ̀, ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pàdánù ṣì sàn. Ó kéré tán, ó rí ibi tí owó náà gbà lọ. Èyí tó burú jù ni ti ẹni tó kó owó fún ẹlòmíràn pé kó bá òun ná an. CBEX ṣèlérí pé owó ènìyàn yóò di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́, wọ́n ní ẹ̀rọ tó ní làákàyè ló ń ná an. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, owó kò ṣeé gbà jáde mọ́. Wọ́n tún ní kí àwọn tí owó wọn há san 100 tàbí 200 dọ́là sí i kí wọ́n lè rí i gbà. Nígbà tí àwọn èèyàn ya bo ọ́fíìsì wọn ní Ìbàdàn, àga àti tábìlì ni wọ́n rí kó. Alájọ Ṣómólú kò ní kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kò tilẹ̀ kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo oníbàárà rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n lójú.

Òfin tuntun lórí ìdókòwò tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2025 gbé owó ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù 20 náírà àti ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 10 kalẹ̀ fún irú àwọn bẹ́ẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àjọ SEC ń fi orúkọ àwọn tó gba ìwé àṣẹ sí, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ta ni yóò kà á fún àgbẹ̀ tó fẹ́ ta kòkó kó fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìpọ̀nrí? Ó yẹ kí SEC máa kà á lórí rédíò lédè Yorùbá, kó sì máa dárúkọ àwọn tí kò ní àṣẹ pẹ̀lú.

Kó tó dìgbà náà, àkáǹtì ìdánrawò wà. Ọ̀fẹ́ ni, owó inú rẹ̀ kì í ṣe owó gidi, ṣùgbọ́n iye ọjà ibẹ̀ jọ ti ọjà gan-an. Àwọn tó ń ta ẹ̀kọ́ fọ́rẹ́ẹ̀sì kì í fẹ́ kí ọmọ pẹ́ níbẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gba owó lọ́wọ́ alágbàtà lórí ẹni tí wọ́n bá mú wá. Ibi kan wà nínú MetaTrader tó ń tọ́jú gbogbo òwò tí ènìyàn ti ṣe, èrè àti àdánù. Bí ọmọ bá wálé lọ́dún, kí bàbá rẹ̀ ní kó ṣí ibẹ̀, kó ka ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn fún òun.