Nípa Lílọ sí Agboyi

Àwọn baba wa a máa wí pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wá sí ọkàn mi nítorí ìwà àwa ará Èkó sí àwọn ìlú kéékèèké tí ó yí wa ká, pàápàá jù lọ sí Agboyi, ìlú àwọn apẹja tí ó wà létí omi lẹ́yìn Kétu àti Alápẹ̀rẹ̀, ní ìhà ibi tí odò Ògùn gbé ń wọ inú ọ̀sà. Ẹni tí ó ti Èkó lọ wò ó a wọ ọkọ̀ ojú omi, a rí ẹrẹ̀, a rí àwọ̀n tí a sá sí oòrùn, a rí ọmọdé tí ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀. Bí ó bá sì padà dé ilé, a ní òun ti rí ìlú tí ọ̀làjú kò dé. Mo fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ wí fún ẹ̀yin olóyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé tí ń ka ìwé yìí pé irú àbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kò ṣe ẹnikẹ́ni ní àǹfààní.

Èkíní, kì í ṣe òtítọ́ pé ọ̀làjú kò dé ibẹ̀. Kí ojú irin tó dé, odò Ògùn ni ọ̀nà ńlá láti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Òun ni ọkọ̀ ń gbà ru epo àti òwú wá sí Èkó, òun náà ni wọ́n sì ń gbà ru aṣọ àti iyọ̀ lọ sí òkè. Ní 1859 ni Robert Campbell, ènìyàn dúdú tí a bí ní Jàmáíkà, gba odò yìí lọ sí Abẹ́òkúta. Ní 1861 ni Richard Burton, ará Gẹ̀ẹ́sì, gba ọ̀nà kan náà, olúkúlùkù wọn sì kọ ìwé nípa ìrìn àjò rẹ̀. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá bá bínú sí ìjọba Èkó tí wọ́n sì ti ọ̀nà, igbe a ta láàárín àwọn oníṣòwò Èkó. Ní 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ sí la ojú irin láti Ìdó, nígbà tí ó sì di 1901 ó ti dé Ìbàdàn. Láti ìgbà náà ni ẹrù ti ń fi omi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé Agboyi dákẹ́, kì í ṣe pé àwọn ènìyàn rẹ̀ ya ọ̀lẹ. Ọ̀nà ni ó kúrò níwájú ilé wọn.

Èkejì, a jẹ àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ní gbèsè. Nítòsí Abẹ́òkúta ni ìjọba gbé sé odò Ọ̀yàn, tí ń ṣàn sínú odò Ògùn, a sì ṣí iṣẹ́ náà ní 1983. Láti inú adágún yìí ni a ti ń rí omi fún Abẹ́òkúta àti Èkó. Ṣùgbọ́n bí òjò bá pọ̀ tí adágún sì kún, dandan ni kí a tú omi sílẹ̀, àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ni ó sì ń dé bá. Ní 2010, omi bo Ajégúnlẹ̀ ti ọ̀nà Ìkòròdú àti Agílítí lẹ́bàá Máìlì 12, ọ̀pọ̀ ìdílé sì sá fi ilé sílẹ̀. Àwa ni à ń mu omi náà. Àwọn ni omi ń gbé lọ.

Ẹ̀kẹta, a ti yá orúkọ wọn lò. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè 37 sílẹ̀ ní 2003, a pe ọ̀kan nínú wọn ní Agboyi-Kétu. Orúkọ Agboyi ṣáájú ti Kétu lára pátákó, ṣùgbọ́n Kétu ni ó ní títì àti ọjà, nígbà tí àwọn tí ń gbé lẹ́yìn omi ń wọ ọkọ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn.

Àwọn kan yóò wí pé, ẹ sáà ṣe afárá fún wọn, ọ̀rọ̀ parí. Èmi náà fẹ́ afárá. Orílẹ̀-èdè tí ó lè fi afárá Third Mainland la ọ̀sà já láti Èkó dé Òwòròǹṣòkí, kìlómítà 11.8, tí ó sì parí rẹ̀ ní 1990, kò lè wí pé omi Agboyi ju agbára òun lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbàgbé pé ní oṣù Keje ọdún 1990 kan náà ni ìjọba ológun wó Maroko, tí àwọn tálákà ń gbé. Ilé àwọn olówó ni ó wà lórí ilẹ̀ náà lónìí. Ilẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn omi kì í ní olùfẹ́ púpọ̀; ọjọ́ tí afárá bá dé ni ó di wúrà. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 sì ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹni tí kò ní ìwé ilẹ̀, tí a kò sì kọ ìtàn ìdílé rẹ̀ sílẹ̀ níbìkan, kí ni yóò fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ náà?

Níhìn-ín ni iṣẹ́ ẹgbẹ́ wa wà. Bí a bá ń lọ sí Agboyi, ẹ jẹ́ kí a mú ìwé àti kálàmù dání. Kí a kọ́kọ́ kí ọba àti àwọn ìjòyè, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Kí a sì bẹ àwọn àgbà kí wọ́n sọ bí a ti tẹ ìlú dó, ìdílé tí ó ni ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, orúkọ ibi tí wọ́n ń pẹja, àti ohun tí wọ́n mọ̀ nípa odò Ògùn, tí í ṣe odò Yemọja. Kí a kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ wọn, kí èkejì wà lọ́wọ́ wa. Kí àwọn agbẹjọ́rò inú ẹgbẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ láti gba ìwé ilẹ̀. Ẹ̀yin olóyè wa ní Kòsọ́fẹ́, nígbà tí ẹ bá ń bẹ ìjọba fún afárá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ fún ìwé ilẹ̀ ní ọjọ́ kan náà, kí ọ̀kan má ṣe ṣáájú èkejì.

Bí ẹnìkan bá wí pé ìlú kékeré ni, kí wọ́n kúkú kó wá sí Kétu, èmi yóò bi í pé: Èkó fúnra rẹ̀ kò ha jẹ́ abúlé rí bí? Títí di òní, orúkọ ààfin ọba Èkó, Ìgà Ìdúngànràn, ń rán wa létí pé orí oko ata ni a kọ́ ọ sí. Láti ibẹ̀ ni ìlú náà ti dìde, tí ó fi di olú ìlú Nàìjíríà láti 1914 títí di oṣù Kejìlá 1991. Ẹni tí a bí ní oko ata kò gbọdọ̀ fi ẹni tí a bí ní etí odò ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Agboyi, ṣùgbọ́n kí a fi ojú wa ríran.