Àtẹ́wọ́ Kì í Ṣe Owó Ọ̀yà

  N ò gbé ewì wá lọ́tẹ̀ yìí. Ìjà ni mo gbé wá. Ẹni tó bá ní èsì, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí olóòtú, ojú ìwé ṣì kù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ lẹ́nu bí ẹni ń jẹ gúgúrú: "Ṣebí orúkọ ilé-ìwé lò ń gbé ga? Owó kí lo tún ń béèrè?" Wọ́n ń sọ ọ́ fún ẹni tó sáré fún wa níbi ìdíje àwọn yunifásítì. Wọ́n ń sọ ọ́ fún ọmọ tíátà tó jó títí àtẹ́lẹsẹ̀ fi bó lọ́jọ́ ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́yege. Wọ́n ń sọ ọ́ fún akéwì tó ki gbogbo àlejò pàtàkì lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n wá fi gáàlà kan àti mínírà kan tì í jáde. Èmi ní ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń jèrè ni, tí kò fẹ́ kí a ka èrè náà lójú òun. Kẹ́ ẹ má baà ní inú ló ń bí mi, ẹ jẹ́ ká fi ilé sílẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti kọ iye owó sílẹ̀ tí gbogbo ayé rí i.

Yunifásítì kan wà ní Baton Rouge, ní ìpínlẹ̀ Louisiana. LSU ni wọ́n ń pè é. Bọ́ọ̀lù tí mò ń wí kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa o. Èyí tó ṣe ṣóńṣó lórí méjèèjì ni, tí wọ́n ń jù, tí wọ́n ń gbé mọ́yà sá, tí àwọn géńdé á máa kanra wọn bí àgbò. Ní sáà 2019, LSU gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 15, wọ́n sì borí nínú gbogbo 15. Wọ́n lọ sí Austin, wọ́n na Texas, 45 sí 38. Wọ́n lọ sí Tuscaloosa ní oṣù November, wọ́n na Alabama mọ́lé, 46 sí 41. Alabama yìí ti na LSU ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ léraléra, wọ́n sì ti borí nígbà 31 tẹ̀léra nílé wọn kí LSU tó dé. Lọ́jọ́ 28 oṣù December, LSU fi Oklahoma ṣe yẹ̀yẹ́, 63 sí 28. Joe Burrow, ajubọ́ọ̀lù wọn, ti ju bọ́ọ̀lù méje wọlé kí wọ́n tó lọ sinmi ní ìdajì eré. Lọ́jọ́ 13 oṣù January 2020, ní New Orleans, wọ́n na Clemson 42 sí 25, wọ́n gbé ife. Àròpọ̀ àmì wọn jẹ́ 726. Burrow nìkan ju 60 wọlé, iye tí ẹnikẹ́ni ò tíì jù rí ní ìpele yẹn títí di ìgbà náà.

Ó dùn-ún wò. Ẹ má sọ mí di ọ̀tá eré. Ẹni tó bá wo sáà yẹn tí kò gbádùn rẹ̀, kó lọ ṣàyẹ̀wò ojú. Ṣùgbọ́n ẹwà sáà náà gan-an ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí. Bí ẹgbẹ́ kan bá ń fìdí rẹmi lójoojúmọ́, ẹnì kan lè ní kò sí ohun tí a fẹ́ pín. Ní Baton Rouge lọ́dún yẹn, ohun tí wọ́n fẹ́ pín kún àká. Ta ni wọ́n pín in fún?

Ẹ bá mi kà á. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Ed Orgeron, ń gba mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là lọ́dún 2019. Igbákejì rẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀yìn, Dave Aranda, ń gba mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀. Bí ife ṣe wọlé, wọ́n fún Orgeron ní àdéhùn tuntun: ọdún mẹ́fà, mílíọ̀nù 42. Nígbà tó di October 2021 tí nǹkan ò lọ bó ṣe yẹ mọ́, wọ́n ní kó máa lọ lẹ́yìn sáà, owó tí wọ́n fi sìn ín sì sún mọ́ mílíọ̀nù 17. Ẹ gbọ́ o: ẹni tí wọ́n lé ló gba mílíọ̀nù 17. Burrow tó ju bọ́ọ̀lù ńkọ́? Owó ilé-ìwé, ibùsùn, oúnjẹ, àti owó ìnáwó díẹ̀ tí òfin fàyè gbà. Lórí pápá kan náà, lábẹ́ iná kan náà.

Lóṣù July 2019, wọ́n ṣí ilé ìmúra tuntun fún àwọn agbábọ́ọ̀lù náà. Mílíọ̀nù 28 dọ́là ni wọ́n fi tún ilé náà ṣe, àyè kọ̀ọ̀kan ní ibùsùn tirẹ̀ bíi ti ọkọ̀ òfuurufú. Bí àwọn ènìyàn ṣe rí i, wọ́n gbé àwòrán ilé ìkàwé yunifásítì náà jáde, omi ń jò sínú yàrá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn agbèjà dáhùn pé owó àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe owó ìjọba, kì í ṣe owó ilé-ìwé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nítorí ta ni àwọn olólùfẹ́ ṣe dáwó? Nítorí àwọn ọmọ tó ń gbá a ni. Òfin NCAA, ẹgbẹ́ tó ń darí eré àwọn yunifásítì, sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fún ọmọ náà lówó. Omi tí wọ́n dí ojú ọ̀nà rẹ̀ kì í gbẹ, ibòmíràn ló ń gbà yọ. Owó tí kò gbọdọ̀ dé àpò agbábọ́ọ̀lù ló di ògiri, ló di ibùsùn, ló di mílíọ̀nù 42 fún ọ̀gá.

Ẹ ò bá tún wá wo eré tí wọ́n ṣe lálẹ́ tí wọ́n gbé ife. Odell Beckham Jr., ọmọ LSU àtijọ́ tó ti di gbajúmọ̀, sọ̀kalẹ̀ sí pápá, ó ń há owó fún àwọn ọmọ náà. Bí a ṣe ń náwó fún ẹni tó jó dáadáa lóde àríyá ni. Kíá, yunifásítì ní owó ayédèrú ni. Nígbà tó yá, wọ́n ní àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ owó gidi wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí Beckham má ṣe yọjú sí ilé eré àwọn fún ọdún méjì. Ọjọ́ tí mílíọ̀nù ń wọlé gan-an ni náírà àyẹ́sí, ẹ jọ̀ọ́, dọ́là àyẹ́sí, di ẹ̀ṣẹ̀.

Àwa tó ń kọ́ Yorùbá, ẹ jẹ́ ká bi ara wa: irú iṣẹ́ wo nìyí ná? Àwọn baba wa ní orúkọ fún oríṣiríṣi iṣẹ́. Ṣé àáró ni? Lónìí a ṣe ti oko rẹ, lọ́la a ṣe ti oko mi. Ẹ sọ fún mi, ọjọ́ wo ni ọ̀gá yunifásítì lọ bá agbábọ́ọ̀lù ṣe oko tirẹ̀? Ṣé ọ̀wẹ̀ ni? Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń dáná fún ọlọ́wẹ̀, wọ́n á sì jẹ àjẹyó. Níbí, ìgbà kan wà tí òfin NCAA gbà kí wọ́n fún àwọn ọmọ ní búrẹ́dì bí ìpápánu, àmọ́ tí wọn ò gbọdọ̀ fi wàràkàṣì pa á lójú! Ọdún 2014 ni wọ́n tó gbà kí wọ́n máa jẹun láìka iye ìgbà. Ṣé ìwọ̀fà ni? Ìwọ̀fà mọ iye gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì ní àsìkò tó fi ń roko ara rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló kù. Ibẹ̀ ni àwọn tí mò ń bá jà máa ń sá sí. Wọ́n á ní, "Ṣebí iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́? Ṣebí Burrow di olówó lẹ́yìn náà?" Ó dáa. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọjà. Níbí, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ọjà. Kò sẹ́ni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì wọ pápá tó ń gba èrò tó lé ní 100,000 láti wá wo bí Orgeron ṣe ń pariwo. Fíríìdọ̀mù ńkọ́? Lóṣù April 2020, àwọn ẹgbẹ́ tó ń sanwó mú 14 nínú àwọn ọmọ LSU, Burrow ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Ọ̀kan nínú àwọn ìkórè tó pọ̀ jù lọ láyé nìyẹn. Káàkiri ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nínú ọgọ́rùn-ún agbábọ́ọ̀lù yunifásítì, kì í pé méjì tó ń dé ibẹ̀. Ta ló ń gé kéèkì fíríìdọ̀mù fún àwọn yòókù? Orúnkún tó yẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ta ló ni ín?

Ibi tó wá yẹ kó dun akéwì jù nìyí. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi gba owó náà lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe ìbọn. Lọ́dún 1955, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ìwé kan ní Colorado fi orí gbá, ó sì kú. Opó rẹ̀ béèrè owó tí òfin là sílẹ̀ fún ìdílé òṣìṣẹ́ tó kú sẹ́nu iṣẹ́. Lọ́dún 1957, ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà ní ọkọ rẹ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́. Láàárín àwọn ọdún yẹn ni Walter Byers, ọ̀gá NCAA, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ hun orúkọ kan: akẹ́kọ̀ọ́-eléré. Orúkọ tó dùn létí, àbí? Lọ́dún 1995, nínú ìwé tí Byers fúnra rẹ̀ kọ, ó là á mọ́lẹ̀ pé ẹ̀rù pé wọ́n lè ka àwọn ọmọ náà sí òṣìṣẹ́ ló mú kí àwọn dá orúkọ náà. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ìjánu yìí wà lẹ́nu àwọn ọmọ náà fún ọdún tó lé ní 60. Nítorí náà, bí wọ́n bá tún pè ọ́ ní "ìràwọ̀ ilé-ìwé wa", wo ẹnu ara rẹ dáadáa.

Lóṣù June 2021, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Adájọ́ mẹ́sàn-án ló jókòó, mẹ́sàn-án ló dá NCAA lẹ́bi. Mẹ́sàn-án sí òdo! LSU fúnra wọn ò na ẹnikẹ́ni sí òdo ní gbogbo sáà 2019. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà, Brett Kavanaugh, là á mọ́lẹ̀ pé kò sí ilé iṣẹ́ mìíràn nílẹ̀ náà tó lè fohùn ṣọ̀kan pé àwọn ò ní san iye tó tọ́ fún òṣìṣẹ́, kí ó sì mú un jẹ. Láti July 2021, ọmọ náà lè gbowó lórí orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀. Lóṣù June 2025, adájọ́ fọwọ́ sí àdéhùn tó jẹ́ kí yunifásítì máa san owó fún wọn tààrà, tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 20.5 fún yunifásítì kan lọ́dún àkọ́kọ́, àti bílíọ̀nù 2.8 fún àwọn tó ti gbá a láti 2016.

Wọ́n ti máa ń kìlọ̀ pé lọ́jọ́ tí owó bá wọ̀ ọ́, ìfẹ́ eré á kú. Ó ti wọ̀ ọ́. Pápá ò wó. Wọ́n á ní àwọn ọmọ ti ń ṣí kiri láti yunifásítì kan sí òmíràn nítorí owó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ wọn? Kí oṣù tí wọ́n gbé ife yẹn tó parí, Aranda ti di ọ̀gá ní Baylor, Joe Brady tó ń bá wọn darí iwájú ti gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ Carolina Panthers. Nígbà tí àgbà ń ṣí, "ìgbéga" ni. Ìgbà tí ọmọdé wá ṣí, ó di "ojúkòkòrò". Ẹ gbà mí o!

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Mo mọ̀ pé tẹlifíṣọ̀n kan ò kó bílíọ̀nù wá fún àwa níbí. N ò ní kí wọ́n san dọ́là fún sísá eré ọgọ́rùn-ún mítà. Ìwé tẹ́ ẹ mú dání yìí, ẹnikẹ́ni ò gbowó lórí rẹ̀, èmi náà ò gbà. Gbogbo wa la mọ iye fọ́tòkópì, gbogbo wa la dá a. Ẹni tó kọ̀wé lónìí ló ń bá ẹlòmíràn tò ó pọ̀ lọ́la. Àáró nìyẹn, ó sì dùn mọ́ wa. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ onígbọ̀wọ́, tí wọ́n ń tẹ àwòrán wa sí kàlẹ́ńdà, àáró ti parí níbẹ̀. Kí wọ́n sọ iye tó wọlé. Kí ẹni tó bá fẹsẹ̀ kán lórúkọ ilé-ìwé má fi owó màmá rẹ̀ tọ́ ọ. Kí ìdánwò tó kọjá nígbà tí ẹni náà ń sáré fún wa lọ́nà jíjìn má di káríóbà sí i lọ́rùn. Kí wọ́n kọ orúkọ akéwì sínú ìwé ètò bí wọ́n ṣe kọ ti àlejò pàtàkì.

Bí àpótí bá ṣófo, a ó ṣe é lọ́wẹ̀, a ó sì fi orin sí i. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣí àpótí náà ní gbangba, ká jọ yọjú wò ó. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún wa o, a fẹ́ ẹ. Kò sẹ́ni tó ń fi àtẹ́wọ́ ra gààrí.