Bí Eré, Bí Eré

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí eré, bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Òwe yìí bá ìtàn Jumanji mu rẹ́gí, sinimá tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2017. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ni ó ṣẹ̀ ní ilé-ìwé, tí a fi iṣẹ́ jẹ wọ́n níyà. Nínú yàrá tí wọ́n ń tún ṣe ni wọ́n ti rí ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù àtijọ́ kan. Bí wọ́n ti tàn án, ó fà wọ́n wọ inú igbó kìjikìji, láàárín erinmi àti àwọn ẹranko búburú mìíràn. Ibẹ̀ ni Spencer, ọmọ ojo, ti di alágbára ọkùnrin. Ẹ̀mí mẹ́ta péré ni a fún olúkúlùkù wọn.

Ẹni tí ó bá wo ìtàn náà lè rò pé àwọn ẹranko ni ewu tí ó tóbi jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀, Alex, tí gẹ́ẹ̀mù náà ti gbé lọ láti ọdún 1996. Oṣù díẹ̀ ni ó rò pé òun ti lò nínú igbó, bẹ́ẹ̀ ni ó ti tó ogún ọdún tí a ti ń wá a nílé. Ọjọ́ ayé rẹ̀ ni eré ń jẹ, kò sì mọ̀.

Ohun tí ó ń bá àwọn ọ̀dọ́ kan lónìí gan-an nìyí. Wọn a jókòó ti gẹ́ẹ̀mù ní alẹ́. Kí wọn tó mọ̀, àkùkọ ti kọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń ṣe é ni ó ń ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka àṣejù rẹ̀ mọ́ àìsàn, nígbà tí ènìyàn kò bá lè kó ara rẹ̀ ní ìjánu mọ́, tí ó sì ń bá a lọ bí ó tilẹ̀ ń pa á lára.

Àwọn òbí kan a ní kí a fọ́ ẹ̀rọ náà, kí ọ̀rọ̀ tán. Àwọn ọmọ inú ìtàn náà fọ́ tiwọn nígbà tí wọ́n jáde. Ṣùgbọ́n nínú apá tí ó tẹ̀ lé e, tí ó jáde ní ọdún 2019, Spencer ti ṣa àfọ́kù rẹ̀ jọ, ó tún un tò, ó sì padà wọlé. Ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì ní ìlú tí ó ti lọ kàwé. Ó rántí pé nínú gẹ́ẹ̀mù, akọni ni òun. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó wọ inú ewu lọ wá a.

Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Ẹni tí ó fọ́ ẹ̀rọ, tí kò wádìí ohun tí ọmọ ń sá fún, ewé ni ó já, kò hú gbòǹgbò. Ọmọ tí ó ní ẹni tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí a ń fi iṣẹ́ gidi lé lọ́wọ́, tí a sì ń yìn bí ó bá ṣe dáradára, yóò ṣeré, yóò sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dìde. Ọ̀dọ́ pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀: kí ó fi òdiwọ̀n sí eré rẹ̀. Ẹ̀mí mẹ́ta ni a fún àwọn ọmọ inú ìtàn. Ẹyọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún ọmọ ènìyàn.